JẸ́ŃDÀ: Ọ̀RỌ̀ KAN TÍ Ó Ń DÁ ÌJÀ SÍLẸ̀ NÍNÚ ILÉ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti wọ àárín wa láìkan ilẹ̀kùn. Ó wà nínú fọ́ọ̀mù ilé-ìwé tí àwọn ọmọ yín ń kọ, ó wà lẹ́nu àwọn oníròyìn orí rédíò, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá wá ṣe ìpàdé pẹ̀lú àwọn ìyálọ́jà, àwọn ọmọ yunifásítì sì ń fi í bá bàbá wọn jiyàn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ni gender. A óò máa kọ ọ́ ní jẹ́ńdà níhìn-ín, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ẹnu wa ń pè é.

Bí ẹ bá bi ènìyàn mẹ́ta pé kí ni jẹ́ńdà, ìdáhùn mẹ́ta ni ẹ ó gbọ́. Ẹni àkọ́kọ́ yóò ní akọ tàbí abo ni, pé wọ́n kàn fi ọ̀rọ̀ tí kò ti ni lójú sọ ọ́ ni. Ẹnì kejì yóò ní iṣẹ́ àti ipò tí àwùjọ pín fún ọkùnrin àti obìnrin ni: ta ni ó ń dáná, ta ni ó ń jogún, ta ni ó ń kúnlẹ̀ fún ta. Ẹnì kẹta yóò ní ohun tí ènìyàn mọ ara rẹ̀ sí nínú ọkàn ni, yálà ó bá ara tí a bí i mọ́ mu tàbí kò bá a mu. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jókòó sí pálọ̀ kan náà, kí wọ́n bínú síra wọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí ó má sì yé ẹnikẹ́ni nínú wọn pé ohun tí òun ń sọ kọ́ ni èkejì ń dá lóhùn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í parí sórí ẹnu. A mọ bàbá kan tí ó kọ̀ láti san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ obìnrin, nítorí ó gbọ́ pé wọ́n ń kọ́ wọn ní “jẹ́ńdà” níbẹ̀. A sì mọ ìyá kan tí ó gbé ọmọ tuntun pamọ́ sí yàrá fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ̀ ẹ́, nítorí ojú ara ọmọ náà kò jọ ti akọ tán, kò sì jọ ti abo tán. Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀, kí a wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

INÚ ÌWÉ GÍRÁMÀ NI Ó TI WÁ

Ọ̀rọ̀ gírámà ni jẹ́ńdà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́ èdè Faransé mọ̀ pé abo ni tábìlì nínú èdè náà. Ní èdè Jámánì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọmọdébìnrin kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo. Àwa tí a kọ́ Gíríìkì díẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì rántí bí nǹkan yìí ṣe máa ń fọ́ wa lórí. Ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún ẹ̀mí sábà máa ń jẹ́ abo nínú èdè Hébérù. Nínú Gíríìkì, kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo. Bí ó bá dé inú èdè Látìn, ó di akọ. Kò sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan nínú wa tí ó rò pé Ẹ̀mí Mímọ́ ń yí padà bí a ti ń ti èdè kan bọ́ sí òmíràn.

Èdè Yorùbá bọ́ lọ́wọ́ wàhálà yìí. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, “ó” àti “rẹ̀” tó wọn láti fi sọ̀rọ̀ nípa Dáfídì àti nípa Dèbórà, nípa àgbò àti nípa abo àgùntàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà dé ibẹ̀.

Ọdún 1955 ni John Money, onímọ̀ nípa ìwà àti ìrònú ẹ̀dá, ọmọ New Zealand tí ó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Johns Hopkins ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, mú ọ̀rọ̀ gírámà yìí, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi sọ̀rọ̀ nípa ènìyàn. Àwọn ọmọ tí a bí, tí ara wọn kò fi hàn kedere bóyá akọ ni wọ́n tàbí abo, ni ó ń ṣe ìwádìí lé lórí. Ó fẹ́ ọ̀rọ̀ kan fún ara, ó sì fẹ́ òmíràn fún bí ọmọ náà ṣe ń gbé ìgbé ayé láàárín ènìyàn. Ní 1968, Robert Stoller, dókítà ọpọlọ ní Los Angeles, kọ odindi ìwé lórí ìyàtọ̀ méjèèjì. Ní 1972, Ann Oakley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú un lọ sídìí iṣẹ́ ilé àti ipò obìnrin. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé ọ̀dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí ó sì gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà.

OHUN TÍ ARA Ń SỌ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìjà kò pọ̀ sí. Akọ àti abo wà lára ewúrẹ́, wọ́n wà lára adìẹ, wọ́n tilẹ̀ wà lára igi: gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ akọ ìbẹ́pẹ tí ń tanná tí kì í so. Lára ènìyàn pẹ̀lú, ọ̀kan ń lóyún, èkejì ń fún ni lóyún. Èyí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní sex. Kì í ṣe àṣà ni ó dá a, ìjọba kan kò sì lè fi òfin dá a. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé àwa Yorùbá ti fi nǹkan kún un láti ọjọ́ pípẹ́. A ní akọ òkúta, a ní akọ igi; òkúta náà kò bímọ, líle rẹ̀ ni à ń sọ. Ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ àṣà nìyẹn, láìjẹ́ pé òyìnbó kankan wà níbẹ̀.

Àwọn ọmọ kan wà tí a kò lè fi ojú lásán mọ̀. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ìyá wọn. Ọ̀kan nínú ohun tí ó ń fà á ni àìsàn àbímọ́ni kan tí ó ń ṣe ẹṣẹ́ kékeré tí ó wà lórí kíndìnrín. Ọmọ náà lè jẹ́ obìnrin, kí ó ní ilé-ọmọ nínú, ṣùgbọ́n kí ojú ara rẹ̀ jọ ti ọkùnrin. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: irú àìsàn yìí tí ó le máa ń jẹ́ kí iyọ̀ ṣàn dànù nínú ara ọmọ. Ọmọ náà yóò máa bì, kò ní lè mu ọmú, ó sì lè kú kí ó tó pé oṣù kan. Oògùn wà fún un, tí ọmọ náà yóò máa lò lójoojúmọ́. Ilé-ìwòsàn ńlá tí ó ní dókítà àwọn ọmọdé ni kí ẹ gbé e lọ ní ọjọ́ tí ẹ bá rí i, kì í ṣe orí òkè àdúrà. Àdúrà ṣe é gbà lójú ọ̀nà ilé-ìwòsàn. Olúwa wa fúnra rẹ̀ mẹ́nu kan àwọn tí a bí ní ìwẹ̀fà láti inú ìyá wọn (Mátíù 19:12), kò sì bú wọn.

IṢẸ́ TA NI ARÓ?

Ìtumọ̀ kejì ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù lọ, nítorí ibẹ̀ ni a ti máa ń sọ pé “bí Ọlọ́run ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn” nípa ohun tí ènìyàn ṣètò.

Ní Abẹ́òkúta àti ní Òṣogbo, obìnrin ni ó ń pa aṣọ láró. Aláró kì í ṣe orúkọ tí a fi ń pe ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Kánò, kí ẹ dé ibi àwọn kòtò aró tí ó wà ní Kofar Mata: ọkùnrin ni ẹ ó bá nídìí wọn, ọwọ́ wọn dúdú dé ìgúnpá. Aró kan náà, omi kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ híhun látijọ́. Ní Ìṣẹ́yìn, ọkùnrin ni ó ń jókòó sídìí òfì tí ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́. Òfì tí a gbé dúró, tí a fi ń hun kíjìpá, obìnrin ni ó ni ín. Àwọn míṣọ́nnárì kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ àti òwú gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó yẹ obìnrin, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ dé ìgboro, ta ni ó kún ṣọ́ọ̀bù télọ̀? Àwọn ọkùnrin ni.

Ẹ ṣí Bíbélì náà wò. Jákọ́bù ni ó se ìpẹ̀tẹ̀ (Gẹ́nẹ́sísì 25:29). Rákélì ni ó ń da ẹran bàbá rẹ̀ (Gẹ́nẹ́sísì 29:9). Obìnrin oníwà rere inú Òwe 31 ń ra ilẹ̀ oko, ó ń ṣòwò. Lẹ́yìn àjíǹde, nígbà tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn gúnlẹ̀ sí èbúté, wọ́n bá ẹyín iná, ẹja wà lórí rẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀ (Jòhánù 21:9). Bí dídáná bá jẹ́ ohun tí a dá mọ́ ara obìnrin, kí ẹnì kan ṣàlàyé ẹja yẹn fún wa.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yorùbá gan-an ti jà lórí èyí, ìjà wọn sì dùn-ún gbọ́. Ní 1997, Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, ọmọ ààfin Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Stony Brook ní New York, gbé ìwé kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ The Invention of Women. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà fún un ní ẹ̀bùn lórí rẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ohun tí ó sọ ni pé láàárín àwọn Ọ̀yọ́-Yorùbá, kí òyìnbó tó dé, a kì í fi jẹ́ńdà to ènìyàn. Kò sẹ́ pé ara akọ àti ara abo wà. Ó ní ara wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ń pín ipò. Ta ni ó dàgbà jù, ta ni a bí sínú ilé, ta ni ó wọlé lẹ́yìn, ìwọ̀nyí ni ó ń pín in.

Ẹ wo ẹ̀rí tí ó mú wá, gbogbo rẹ̀ ni ẹ mọ̀. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò: ọjọ́-orí ni wọ́n ń sọ, wọn kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. “Ó” tí a mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan: ènìyàn lè ròyìn ẹnì kan fún yín láti àárọ̀ di alẹ́ kí ẹ má mọ̀. Òpìtàn kan tilẹ̀ ń sọ pé obìnrin ni Aláàfin Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, òmíràn ń kọ ọ́ bí ọkùnrin.

Èyí tí ó lágbára jù ni ọ̀rọ̀ ọkọ. Ìyàwó tí a gbé wọlé lónìí, ọmọdébìnrin ọdún mẹ́fà tí a bí sínú agbo-ilé yẹn, ọkọ rẹ̀ ni. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Yóò fún un ní orúkọ tí ó fẹ́ràn láti máa pè é, Adúmáadán, tàbí Ìbàdíàrán, tàbí Akọ̀wé, yóò sì kúnlẹ̀ kí i. Àwọn ìyá wa ṣe bẹ́ẹ̀ lójú wa. Bí ọkọ bá túmọ̀ sí ọkùnrin, báwo ni ọmọdébìnrin tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká ṣe ń jẹ́ ọkọ? Oyěwùmí ní ọkọ ni ẹni tí a bí sílé, ìyàwó sì ni ẹni tí ó ti ìta wọlé.

Nígbà náà, níbo ni “obìnrin” tí ó gbọ́dọ̀ máa wà lẹ́yìn ti wá? Ó na ìka sí ìjọba àmúnisìn, ó na ìka sí ilé-ìwé, ó sì na ìka sí ìjọ Ọlọ́run pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe irọ́ lásán. Ìjọ CMS dá ilé-ẹ̀kọ́ gírámà àwọn ọmọkùnrin sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Ọdún 1869 ni ti àwọn ọmọbìnrin tó dé. Ọdún mẹ́wàá ni àwọn arákùnrin wọn fi ṣáájú wọn, àwọn sì ni wọ́n gbà sí ọ́fíìsì. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí ó kú ní 1874, jẹ́ Ìyálóde láàárín àwọn ìjòyè Ìbàdàn. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìṣàkóso, àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń wá láti bá ṣe ìjọba.

Àwọn mìíràn dìde sí i. Bibi Bakare-Yusuf ní pé èdè kò ní ọ̀rọ̀ kan kò fi hàn pé nǹkan náà kò sí nínú ayé àwọn tí ń sọ ọ́. Oyèrónkẹ́ Ọlájubù, olùkọ́ ní yunifásítì Ìlọrin, kọ ìwé ní 2003, ó sọ pé jẹ́ńdà wà láàárín Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọkùnrin àti obìnrin fi ń gbé ara wọn ró ni ó gbà ṣiṣẹ́. J. Lorand Matory, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ìgbòho, ti kọ̀wé ní 1994 nípa àwọn ọkùnrin tí Ṣàngó ń gùn, tí wọ́n ń di irun, tí a sì ń pè wọ́n ní ìyàwó òrìṣà. Ní tirẹ̀, bí ọkùnrin bá ń di irun kí ó tó lè jẹ́ ìyàwó, a jẹ́ pé ìyàwó kì í ṣe ẹni tí ó ti ìta wọlé lásán. Nípa ẹ̀sìn yẹn, ẹ mọ ibi tí a dúró sí; ìtàn ni à ń sọ.

Ní tiwa, a lè fi kún ẹjọ́ àwọn tí ó takò ó. Tí “ó” bá fi nǹkan pamọ́, oríkì kì í fi í pamọ́: Àjàní àti Àlàó kì í ṣe obìnrin, Àbẹ̀ní àti Àṣàkẹ́ kì í ṣe ọkùnrin. Ọmọ tí ó gbé ìwọ́ kọ́ ọrùn wá sáyé, Òjó ni bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, Àìná ni bí ó bá jẹ́ obìnrin. Látijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni a ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Èyí tí ó wá borí gbogbo rẹ̀ ni Orò. Ìlú tí ó ń sé gbogbo obìnrin mọ́lé nígbà tí Orò bá ń ké, ìbáà jẹ́ ìyá arúgbó tí ó dàgbà ju gbogbo àwọn tí ó wà níta lọ, báwo ni a ṣe fẹ́ sọ pé ọjọ́-orí nìkan ni ó mọ̀?

Nítorí náà, a rò pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyěwùmí fa okùn náà jìnnà jù. Síbẹ̀, nínú ohun tí ó kan ilé wa, ó jàre. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí à ń kó lé obìnrin lórí ní orúkọ Bíbélì, ọkọ̀ ojú omi kan náà tí ó gbé Bíbélì wá ni ó gbé e wá, ṣùgbọ́n kò sí nínú Bíbélì. Àwọn baba wa pàápàá ní bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi jẹ́ńdà dí ọmọbìnrin lọ́wọ́ ogún, ẹ fetí sílẹ̀. Ní 1924, nínú ẹjọ́ Lopez ní Èkó, ilé-ẹjọ́ gbà pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ bíi ti ọmọkùnrin nínú ohun ìní bàbá wọn. Ní 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà fagi lé àṣà Ìgbò tí ó ń já ọmọbìnrin kúrò nínú ogún. Àwọn ọmọbìnrin Sélófẹ́hádì sì ti gba ìdájọ́ tiwọn láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run fúnra rẹ̀ (Númérì 27), ó sì ti pẹ́ ju ti ilé-ẹjọ́ méjèèjì lọ.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ỌKÀN

Ìtumọ̀ kẹta ni ó ń já àwọn òbí láyà jù. A fẹ́ sọ ìtàn kan tí àwọn tí ń jà lórí rẹ̀ kò lè fò dá.

Ní oṣù kẹjọ 1965, a bí ìbejì ọkùnrin ní ìlú Winnipeg ní Kánádà, Bruce àti Brian Reimer. Nígbà tí wọ́n di ọmọ oṣù mẹ́jọ, wọ́n gbé Bruce lọ fún ìkọlà. Ẹ̀rọ oníná tí dókítà lò jó nǹkan ọkùnrin rẹ̀ kọjá àtúnṣe. Àwọn òbí rẹ̀, ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, kò mọ ohun tí wọn ìbá ṣe. Wọ́n gbé e lọ bá John Money ní Baltimore, ẹni tí a ti dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbàgbọ́ Money ni pé ọmọ tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ dà bí amọ̀: bí a bá tọ́ ọ bí obìnrin, obìnrin ni yóò jẹ́. Ní 1967, kí ó tó pé ọmọ ọdún méjì, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sọ ọ́ ní Brenda, wọ́n wọ̀ ọ́ ní gáùn, wọ́n ra bèbí fún un. Nígbà tí ó yá, wọ́n fún un ní oògùn tí ó ń mú ọmú yọ. Ní 1972, Money kọ ọ́ sínú ìwé pé ó yọrí sí rere, àwọn olùkọ́ yunifásítì sì ń fi í kọ́ni káàkiri ayé.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé kì í ṣe ohun tí ó wà nínú ìwé. Ọmọ náà kórìíra gáùn, ó ń bá àwọn ọmọkùnrin jà, inú rẹ̀ kò dùn rí. Ní 1980, bàbá rẹ̀ jókòó tì í nínú mọ́tò, ó sọ òtítọ́ fún un. Láti ìgbà náà ni ó ti sọ ara rẹ̀ di David, tí ó ń gbé bí ọkùnrin, ó gbéyàwó. Ní 1997 ni Milton Diamond àti Keith Sigmundson tẹ òtítọ́ náà jáde fún àwọn dókítà. Brian, èkejì rẹ̀, kú ní 2002. Ní 2004, David gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. Àwọn tí ó ní ara ni ó ń sọ ẹni tí ènìyàn jẹ́ ní, “Ṣé ẹ rí i? Ọkùnrin ni wọ́n bí, ọkùnrin ni ó padà sí.” Àwọn tí ó ní ohun tí ènìyàn mọ̀ nínú ni ó ṣe kókó ní, “Ṣé ẹ rí i? Dókítà, òbí, aṣọ, oògùn, gbogbo wọn ní obìnrin ni, ṣùgbọ́n ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.” Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà sọ di aláìlọ́rọ̀ ni ẹni tí ó ní títọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn kan tún lọ jìnnà ju èyí lọ: Judith Butler, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1990 pé jẹ́ńdà jẹ́ ohun tí à ń ṣe léraléra títí yóò fi dà bí ẹni pé àbínibí ni. Ìwé náà le púpọ̀ láti kà, ọ̀pọ̀ tí ń pariwo lé e lórí kò sì ṣí i rí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, òfin 2004 gba ẹni tí ó bá kún ojú ìlà láyè láti gba ìwé-ẹ̀rí tí ó yí jẹ́ńdà rẹ̀ padà lábẹ́ òfin. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin 2025, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wọn sọ pé nínú òfin ìdọ́gba tí wọ́n ṣe ní 2010, “obìnrin” túmọ̀ sí ẹni tí a bí ní abo. Ìdájọ́ kan náà sọ pé òfin ṣì ń dáàbò bo àwọn tí wọ́n yí padà lọ́wọ́ ìyà àti ìfiniṣẹ̀sín. Àwọn kan jó níta ilé-ẹjọ́, àwọn mìíràn sunkún.

Àwa gbà pé akọ àti abo inú Gẹ́nẹ́sísì 1:27 kì í ṣe aṣọ tí à ń bọ́ sílẹ̀. A kò fi èyí pamọ́, a sì mọ̀ pé àwọn onígbàgbọ́ kan wà tí wọn kò bá wa gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ọmọ Winnipeg yẹn kò jẹ́ kí a lè fi ẹnu yẹpẹrẹ sọ̀rọ̀ nípa ìrora ẹni tí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò bá ohun tí àwọn ènìyàn ń pè é mu. Òbí tí ó bá fi igi lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jáde kò tíì gbèjà Gẹ́nẹ́sísì.

ÌJÀ ÀWỌN ÌJỌBA

Àwọn ìjọba pàápàá kò gbọ́ ara wọn yé. Ní oṣù kẹsàn-án 1995, nígbà tí ìjọba 189 pé jọ sí Beijing fún ìpàdé àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ obìnrin, wọ́n ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó débẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè kan fi àmì há a mọ́ inú ìwé tí wọ́n ń múra rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìtumọ̀ kẹta ni wọ́n fẹ́ gba abẹ́ ìtumọ̀ kejì mú wọlé. Ààrẹ ìpàdé níláti kéde pé ìtumọ̀ tí gbogbo ènìyàn ti ń lò ó sí tẹ́lẹ̀ ni àwọn lò ó sí. Ohun tí ìtumọ̀ yẹn jẹ́ gan-an, kò sọ. Àwọn aṣojú Póòpù kọ tiwọn sílẹ̀ pé akọ àti abo tí a bí mọ́ ènìyàn ni àwọn gbà á sí. Ní 1998, ìwé àdéhùn tí ó dá ilé-ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn àgbáyé sílẹ̀ so ara àti àwùjọ pọ̀: akọ àti abo, bí wọ́n ṣe wà nínú àwùjọ.

Nílé wa níbí, ní oṣù kẹta 2016, àwọn aṣòfin àgbà ní Àbújá da àbá òfin lórí jẹ́ńdà àti àǹfààní ọgbọọgba nù. Àwọn kan nínú wọn mú ẹ̀sìn àti àṣà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní 2011, ìpínlẹ̀ Èkìtì ti ṣe òfin tí ó de ìwà ipá nítorí jẹ́ńdà, òun sì ni òfin tí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù lè gbé lọ sílé-ẹjọ́ nígbà náà. Ẹni tí ó bá ta ko ọ̀rọ̀ náà láìwo ìtumọ̀ tí ó wà níbẹ̀ lè máa ta ko ìyá tí ojú rẹ̀ wú.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ YÍN

Bàbá kan bi wá bóyá ó yẹ kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, máa wà ní ilé ìdáná pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìtumọ̀ kejì ni ti èyí. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́ ọbẹ̀ sísè, kí ẹ sì lọ bá a jẹ ẹ́. Bàbá mìíràn ní ọmọ òun obìnrin fẹ́ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ìtumọ̀ kejì náà ni. Ẹ wá ọ̀gá tí ó ní ìwà fún un. Ìyá tí ó gbé ọmọ pamọ́ ní tirẹ̀, ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ni, dókítà ni ó sì nílò kíákíá.

Ìyá kan tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀n kọ̀wé pé ọmọ òun obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ní òun kì í ṣe obìnrin. Ó ní òun fẹ́ gba ìwé ìrìnnà ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí òun fi ẹ̀tàn mú un wá sílé ní àkókò ìsinmi, kí a sì dárúkọ rẹ̀ níwájú ìjọ fún ìdáǹdè. A dáhùn pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. A ní kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà ohun tí ó ní lọ́kàn: ṣé gáùn àti iṣẹ́ ilé tí a ń tì sí i lọ́rùn ni ó sú u, tàbí ẹnì kan ń yọ ọ́ lẹ́nu nítorí ara rẹ̀ ń dàgbà, tàbí ohun tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ ni. Ọ̀nà tí ó lọ láti ibẹ̀ kò rí bákan náà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìsinmi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí ó kọ̀wé. A bẹ̀ ẹ́ kí ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà láti máa bá ọmọ rẹ̀ jẹun lálẹ́, kí ó má sì já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu títí yóò fi sọ ọ́ tán.